"Kì í Ṣe Èmi, Òun Ni": Ìtàn Gbèsè, Ilé-Ẹjọ́ àti Ẹni Kẹta

Lọ́dọọdún ni a máa ń kọ ìtàn kan sínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́. A ti kọ nípa bí àwọn bàbá wa ṣe bá ọkọ̀ ojú irin dé ìlú yìí lẹ́yìn 1911, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sábọ́n Gàrí. A ti kọ nípa àwọn ìlú tí a ti wá. Ti ọdún yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú nígbà tí a dá a lábàá. Àwọn kan ní ẹjọ́ tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wa ní 2024 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sínú ìwé ọdún. A gbà pé ìtìjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì tí a fún ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, pé kì í ṣe àwa ni a jẹ gbèsè, ẹlòmíràn ni, ti wà lẹ́nu ọmọ ènìyàn tipẹ́tipẹ́, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ìtàn yẹn ni a fẹ́ sọ.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà àjọ̀dún wa ti 2023, a gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́, pé kó bá wa ṣètò ayẹyẹ. Akápò ka owó kánópì, àga àti tábìlì lé e lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦186,000. Ọmọ náà lọ bá Alhaji kan tó máa ń fi àga háyà, ó ní ẹgbẹ́ Yorùbá ló rán òun, pé a ó sanwó bí ayẹyẹ bá parí. Alhaji mọ̀ wá. Ó ti fún wa ní àga háyà rí, a kò sì jẹ ẹ́ rí. Kò bèèrè ìwé kankan. A jókòó sórí àga rẹ̀, a jẹ, a mu, a jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Alhaji kọ̀wé sí wa pé kí a san owó òun. A ka ìwé náà nípàdé, àwọn kan rẹ́rìn-ín, akọ̀wé sì fi í sínú fáìlì. A ní ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á ni kó lọ. Kò pẹ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ fi dé láti ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ló wà lórí rẹ̀, kò sí orúkọ ọmọ náà níbẹ̀. A kọ èsì pé a ti sanwó fún ẹni tó ṣètò ayẹyẹ, òun ni kí Alhaji lọ mú. Risíìtì tí ọmọ náà fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ akápò, ọkàn wa sì balẹ̀.

Bó bá jẹ́ láyé àwọn baba ńlá wa ni, ọkàn wa kì bá tí balẹ̀ rárá. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n jẹ lówó kì í kọ ìwé, ológò ló ń rán. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà sì jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ nípa àwọn ológò yìí. Àwọn aláṣẹ ìlú ló ń fún wọn láyè láti ṣe iṣẹ́ náà. Ológò yóò wọ agbo ilé ajẹgbèsè, yóò jókòó tì í, yóò máa pariwo, yóò máa béèrè oúnjẹ, yóò sì gbé ọwọ́ lé adìyẹ tí ojú rẹ̀ bá rí. Bí ajẹgbèsè kò bá sí nílé, ọ̀dọ̀ baálé ló ń gbé ìyọnu rẹ̀ lọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní dídógò tini. Ará ilé tí kò mọ ìgbà tí wọ́n yá owó náà yóò jẹ nínú ìyà rẹ̀, títí tí gbogbo wọn yóò fi kó ara wọn jọ láti san án, tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé ajẹgbèsè kúrò nínú ọ̀lẹ. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ náà nìyẹn, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn.

Èyí tó tún le ju dídógò ni èmú, tí àwọn mìíràn ń pè ní àmúyá. Bí ajẹgbèsè bá wà ní ìlú mìíràn, tí owó kò sì wá, olówó lè gbá ìbátan rẹ̀ tàbí ará ìlú rẹ̀ mú lójú ọ̀nà tàbí lọ́jà, kó sì dá a dúró títí gbèsè yóò fi san. Ẹni tí wọ́n mú kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹyọ owó kan. Ilé rẹ̀ ló jẹ, tàbí ìlú rẹ̀. Ó lè búra, ó lè ké pé "Kì í ṣe èmi, lágbájá ni." Òótọ́ ló ń sọ, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò ràn án lọ́wọ́ rárá, nítorí ìdí tí wọ́n fi mú un gan-an ni pé kí ariwo rẹ̀ lè dé etí lágbájá. Láàárín ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èmú dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú, àwọn kan tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀ sì ti ibẹ̀ di ẹrú.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìwọ̀fà. Bàbá ló yá owó, bóyá láti sìnkú tàbí láti gbé ìyàwó, ọmọ ló sì ń lọ sin olówó lóko. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé. Owó gan-an wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà kan tó ṣe ìwọ̀fà fún gbèsè tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a ń ka ìtàn yìí ni pé àwọn Yorùbá kan náà ló ní òwe pé ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nínú ọ̀ràn, ìka tó ṣẹ̀. Nínú gbèsè, gbogbo ọwọ́.

Òfin òyìnbó dé Èkó pẹ̀lú èrò mìíràn. Wọ́n gba Èkó ní 1861; ní 1863 wọ́n ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀; ní 1876 wọ́n ṣe òfin tó dá Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìgbà náà sílẹ̀. Nínú òfin yìí, ẹni tó dá àdéhùn ló jẹ gbèsè. Ará ilé rẹ̀ kò jẹ, ará ìlú rẹ̀ kò jẹ. Láti ìgbà náà, "Kì í ṣe èmi" ti di ọ̀rọ̀ tí adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́, kí ó sì wádìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó fúnra wọn kò tètè mọ bí wọn yóò ti ṣe é bí olùjẹ́jọ́ bá nàka sí ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ wọn, wọ́n ti dá àwọn ilé-ẹjọ́ kéékèèké sílẹ̀ láti 1846 fún gbèsè tí kò ju 20 pọ́n-ùn lọ, kí tálákà lè rí ibi gba owó rẹ̀ láìná gbogbo ohun tó ní. Síbẹ̀, ní àwọn ilé-ẹjọ́ àgbà wọn, olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ nìkan ni ẹjọ́ gbèsè mọ̀. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní ẹlòmíràn ló yẹ kó san án, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ parí ẹjọ́ tirẹ̀, kó tó lọ pe ẹni yẹn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1873, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1875, ló ṣílẹ̀kùn fún un láti fi ìwé pe ẹni náà wá sínú ẹjọ́ kan náà. Ẹni kẹta ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn kò sì tíì yí padà. Àwọn ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́, àwa náà sì wà lára wọn. Ìwé tí a fi pe ẹni kẹta kì í gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tó pè é. Ká ní ẹnìkan ra jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò, jẹnẹrétọ̀ náà kò sì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Oníṣòwò lè fa ẹni tó tà á fún òun wá sí kóòtù. Ṣùgbọ́n adájọ́ yóò kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ oníbàárà àti oníṣòwò: bí oníṣòwò bá jẹ̀bi, yóò san. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo bóyá ẹni kẹta gbọ́dọ̀ dá a padà fún un. Ẹjọ́ méjì ni, wọ́n kàn so wọ́n mọ́ra ni.

Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1880, Irvine àti Watson, tó jọ tiwa débi pé nígbà tí lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sọ ọ́ fún wa, ilé dákẹ́. Watson rán alágbàtà kan pé kó bá òun ra epo. Alágbàtà ra epo lọ́dọ̀ Irvine. Irvine mọ̀ pé alágbàtà ni, ó mọ̀ pé ẹnìkan ló rán an, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni náà. Ó jẹ́ kí epo lọ láìtíì gba owó. Watson kò mọ̀ pé owó kò tíì dé ọ̀dọ̀ Irvine, ó fi òtítọ́ inú san owó epo fún alágbàtà. Alágbàtà wọ gbèsè, kò lè san. Irvine wá yíjú sí Watson. Watson ní òun ti sanwó. Àwọn adájọ́ ní kó tún un san. Ohun tí wọ́n wò ni pé Irvine kò ṣe ohunkóhun tó lè mú Watson rò pé owó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rán aṣojú níṣẹ́ tó sì fi owó lé e lọ́wọ́, orí ara rẹ̀ ni ewu owó náà wà, kò sí lórí ẹni tó ta ọjà. Bí Irvine bá ti sọ fún Watson pé òun ti gba owó, tàbí tó ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Òmíràn tún wà tó kan àwọn ìyá wa lọ́jà, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Láti 1704 ni àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìyàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó jọ wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí èkejì bá sọ fún ọlọ́jà pé "Gbé e fún un, bí kò bá san, èmi yóò san," onídùúró ni. Òfin 1677 ní kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò lè fi í mú un ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé "Gbé e fún un, èmi ni n óò san," òun gan-an ni ajẹgbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé tó ń béèrè. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá aládùúgbò yín gba aṣọ láwìn, ẹ máa ṣọ́ ohun tí ẹnu yín ń sọ.

Awìn aṣọ mú wa rántí àwọn Òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, tí wọ́n ń gbé aṣọ káàkiri láti ìlú dé ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ló di orúkọ wọn: òṣó ni àwọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí owó àwọn yóò fi pé. Nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní àwọn tó jẹ́ ọmọ-ọmọ Òṣómàáló, wọn kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Lójú tiwa, Òṣómàáló jẹ́ àbúrò ológò, ṣùgbọ́n ó gbọ́n jù ú lọ. Kì í ṣe gbogbo agbo ilé ló ń lóṣòó tì. Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá, ó mọ ojú rẹ̀, ó mọ orúkọ rẹ̀. Alhaji tiwa náà mọ ojú tó mọ̀.

Ilé-ẹjọ́ tó pè wá sí kò tíì pẹ́ ní Nàìjíríà. Èkó ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 2018: àwọn májísíréètì tí a yàn fún gbèsè tí iye rẹ̀ hàn kedere, tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Kánò náà tẹ̀ lé e láìpẹ́. Bí Èkó ṣe ṣètò tirẹ̀, olówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé ìbéèrè owó sí ajẹgbèsè kó tó pe ẹjọ́. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́, ó ní ọjọ́ 7 láti dáhùn: kó gbà, kó jiyàn, tàbí kó fi ẹ̀sùn tirẹ̀ kan olówó. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọjọ́ 60. Kò di dandan kí ènìyàn gba lọ́yà. Ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ gbèsè ṣe máa ń gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan yí padà. Àwọn tó ń rò pé àwọn lè fi "Ẹ lọ bá lágbájá" gba àkókò fún ara wọn ni ìyípadà náà kò bá lára mu.

A dé iwájú májísíréètì, ìyá kan tó fara balẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi Alága wa. Ó ní ta ló jókòó sórí àga náà? A ní àwa ni. Ó ní ǹjẹ́ Alhaji sọ fún yín rí pé òun ti gba owó òun? A ní rárá. Ó ní ẹni tí ẹ ní kó san án yìí, kí ni orúkọ rẹ̀, ibo ló wà?

Níbẹ̀ ni ẹnu wa ti wọhò. A kò kọ orúkọ ọmọ náà sínú èsì wa. "Ẹni tó ṣètò ayẹyẹ" ni a kọ. Kì í ṣe pé a gbàgbé. Ìpàdé méjì gbáko ni a fi jà lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, kí wọ́n pe òun náà. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé ìyá rẹ̀ ló ń ro àmàlà àjọ̀dún wa lọ́dọọdún, pé ojú wo ni a óò fi wò ó. Ìyá náà jókòó láàárín wa, kò sọ̀rọ̀. A wá ṣe ohun tó rọrùn: a fi ẹnu nàka sí ọmọ náà, a kò sì jẹ́ kí ìwé nàka sí i. Èyí kò gba ẹgbẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bo ọmọ náà ní àṣírí, nítorí gbogbo Sábọ́n Gàrí ló ti gbọ́.

Májísíréètì ní kí a san ₦186,000 fún Alhaji. Ó ní bí ẹni tí a rán níṣẹ́ bá jẹ owó wa, àwa ni kí a pe é lẹ́jọ́, ìyẹn kò kan ẹni tó ni àga. Nígbà tí a jáde, Alhaji wá bá Alága wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ ní Hausa pé, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. N kò mọ ọmọ yẹn. Ẹ̀yin ni mo mọ̀." Lọ́yà wa ní gbogbo ẹjọ́ 1880 yẹn ló sọ tán níbẹ̀ láìka ìwé òfin kankan.

Ohun kan tún wà tí a ò bá máà mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹgbẹ́ wa ní ìwé lọ́dọ̀ àjọ CAC, tí a sì ní àwọn atọ́jú ohun-ìní tí òfin mọ̀. Òun ni ẹjọ́ fi wà lórí orúkọ ẹgbẹ́, tí owó náà sì jáde láti àpò ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ènìyàn lójú òfin, a kò lè pè é lẹ́jọ́ bí ẹni tó dá dúró. Àwọn tó pàṣẹ ọjà ni wọn yóò pè: alága, akọ̀wé, akápò, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké tó wà lábẹ́ wa kò tíì ṣe èyí, a sì mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé yìí.

A dá owó. ₦1,500 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpò ẹgbẹ́ fi kún un, a sì san án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni a pe ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sí ilé Alága. A kò lọ sí kóòtù mọ́, a gbà fún àwọn àgbà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Alága bi í léèrè ibi tí owó wà. Ó ní kì í ṣe òun, pé òun ti fi owó náà sílẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé ọ̀gbẹ́ni náà ló kó o sá lọ sí Katsina. Bàbá kan tó ti ń tòògbé láti ìbẹ̀rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n yáa wá ológò wá. Ìyá ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka ₦20,000 sílẹ̀, ó ní òun ni òun bí i.

Títí di ìpàdé tó ṣáájú àjọ̀dún yìí, ọmọ náà ti san ₦110,000, ó ku ₦76,000. Ó wà nínú ìwé akápò, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún lọ́tẹ̀ yìí. Àga Alhaji náà ni ẹ jókòó lé bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí. Akápò fúnra rẹ̀ ló gbé owó lọ bá a nílé, ó sì gba risíìtì kí wọ́n tó gbé àga kan sínú ọkọ̀.